Ọ̀wẹ̀ Àna ní Oṣù Ebi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọdé kò gbọdọ̀ sọ nínú ilé wa bí àlejò bá ti jókòó. Kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe orúkọ òrìṣà kankan. Ọ̀rọ̀ náà ni ebi. Ọmọ tó bá la ẹnu níwájú àlejò pé ebi ń pa òun, ó ti ba bàbá rẹ̀ lójú jẹ́, ó ti ba ìyá rẹ̀ lórúkọ jẹ́, ìyá àgbà tó bí bàbá wa yóò sì fa etí rẹ̀ títí ebi náà yóò fi sá lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń ké e láti ẹnu ọ̀nà ìta dé ilé ìdáná, orí yín ló bá yín ṣe é tí ẹ kò bá ìyá àgbà láyé.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àlejò, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ẹnu wa kì í fi sílẹ̀. Bí kẹrosíìnì bá lọ sílẹ̀ nínú fìtílà tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, bàbá wa á ní ebi ń pa fìtílà yìí, kí ẹnì kan bù fún un jẹ. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dákú lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, awakọ̀ á lu orí rẹ̀ pẹ́pẹ́, á ní kò ṣàìsàn, ebi epo ló ń pa á. Ilẹ̀ tí a gbin iṣu sí lọ́dọọdún tó wá ń ta iṣu tín-ín-rín, ebi ń pa ilẹ̀ náà ni, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi kó jẹ koríko. Obìnrin tó ń wá ọmọ, wọ́n á ní ebi ọmọ ń pa á, ohùn wọn á sì rẹlẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń fi irú ebi bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá àgbà ní tirẹ̀ ti sọ ebi di agbo ilé ńlá, ó mọ gbogbo ọmọ ibẹ̀ lórúkọ. Ebi ojú ni ti ọmọ tó ti jẹun yó, tó wá rí àkàrà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn; ìfọ́tí ni oògùn rẹ̀. Ebi oko ni ti ẹni tó ti ro oko láti àárọ̀. Ìyá àgbà fẹ́ràn ìyẹn, ó ní ó ń mú iṣu sísun dùn ju ẹran lọ. Ebi ọ̀wọ́n ni ti ìgbà òjò, nígbà tí iṣu èṣí ti tán, tí tuntun ṣì ń fa ìtàkùn kiri tí kò tíì ta. Ó ku ìyàn. Ìyẹn ni kì í fẹ́ dárúkọ. Ó ti rí i rí nígbà tí òun alára ṣì kéré, bí a bá sì bi í pé báwo ló ṣe rí, á ní ká lọ pọn omi.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, gbogbo wọn ló ń pa mí pọ̀. Wọ̀bìà ọmọ ni mí, mi ò purọ́ fún yín. Nítorí irú èmi ni ìyá àgbà ṣe ṣe òfin kan: bí ebi bá dé tí àlejò sì wà nílé, kí ọmọ náà lọ di etí ìró òun mú, kó má sọ nǹkan kan, òun á mọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí etí ìró rẹ̀ kì í sinmi lọ́wọ́ mi.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá wa jẹ́ olùkọ́, ó sì jẹ́ alàgbà ní ìjọ wa, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé olùkọ́ ìgbà náà kì í roko. Bí aago ilé ìwé bá ti lù tán, ọkọ́ ti wà léjìká. Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún náà, iná ìgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó dá a sọdá odò gbígbẹ wọ oko wa, ó sì jó ibi tí a to gbogbo iṣu wa sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jóná di èédú. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, bàbá wa kó o pamọ́ fún gbígbìn, ó ní ẹni tó bá jẹ èbù, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ. Láti ìgbà náà ni ó ti di ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́, kókó ọkà bàbà láàárín, títí mo fi ń lálàá iyán.

Bàbá wa kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé iná náà ba nǹkan jẹ́, á ní koríko díẹ̀ ló jó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ó lè dúró níwájú gbogbo ìjọ kí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́wọ́ pé iṣu tán nílé òun, ìyẹn ni kò lè ṣe.

Ọdún yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ilé wa, rí ọkọ. Ọmọ Ogbooro ni ọmọkùnrin náà, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀, Mùsùlùmí. Ó ga, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, ó sì máa ń ra bisikíìtì fún mi nígbàkígbà tó bá wá kí wa, nítorí náà ní tèmi, ìgbéyàwó ti parí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò bà wá lẹ́rù. Nínú agbo ilé wa, ẹni tó bá ti bá àwọn kan jẹ ẹran Iléyá ni wọ́n á wá bá jẹ ìrẹsì Kérésì. Ohun tó kù ni ọ̀wẹ̀ àna.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá a. Kí ìgbéyàwó tó wáyé nígbà náà, ọkọ ìyàwó á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á wá fi odidi ọjọ́ kan ro oko fún bàbá ìyàwó. Kò sí owó níbẹ̀. Ohun tí bàbá ìyàwó jẹ wọ́n kò ju oúnjẹ lọ, oúnjẹ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iyán, iyán tó gbóná, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹran kún inú rẹ̀. Bí bàbá ìyàwó bá fi ebi lé wọn lọ, orin ni wọ́n á fi gbé e délé, orin náà á sì ti yí ìlú ká kí àwọn alára tó wọlé. Ṣùgbọ́n ohun kan burú ju ìyẹn lọ. Bí ìyàwó bá gbé oúnjẹ síwájú wọn tí wọn kò jẹ, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti kọ ọmọ náà. Wọn kò ní í sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á parí iṣẹ́, wọ́n á kí yín, wọ́n á sì máa lọ.

Àwọn ará Ogbooro wá ránṣẹ́ pé ọjọ́ Sátidé báyìí báyìí ni àwọn ń bọ̀, nínú oṣù tí ebi ọ̀wọ́n mú jù. Kí ni bàbá wa fẹ́ sọ? Ṣé kó ní kí wọ́n sún un síwájú nítorí pé iṣu tán? Àwọn ará Ogbooro nìyẹn, ìlú tó jẹ́ pé ẹni tó bá jí láàárọ̀ tí kò rí iṣu lẹ́yìnkùlé á rò pé òun ṣi ilé wọ̀. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀, ó kí wọn kú ìmúra sílẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ dùbúlẹ̀.

Màmá wa ló gba ọ̀rọ̀ náà rò. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Komu níbi tí wọ́n ti bí i, ó sì gbé àpò iṣu kan dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Iṣu náà ti gbó, ó ti hu, ara rẹ̀ ti hun jọ bí awọ ọwọ́ mi yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iyán mọ̀ pé irú rẹ̀ ló ń gún. Ó ní kí wọ́n pa ewúrẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń sìn. Ó bu ọkà bàbà, ó lọ fi gba wàrà tí a ó sè sínú ọbẹ̀ bí ẹran lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní tí àgọ́ wọn kò jìnnà sí oko wa. Láti Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo wa ti kó lọ sí ahéré, tí a ń pọnmi, tí a ń ṣẹ́gi. Bàbá wa pè wá jọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ iná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ Komu, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ebi. Nígbà tó dé orí ìyẹn, èmi ló ń wò.

Wọ́n dé ní àfẹ̀mọ́jú Sátidé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kún ọkọ̀, ọkọ́ kún ọwọ́. Àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó ló ṣáájú wọn, bàbá kan tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí abẹ́rẹ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú. Òun ló máa lọ ròyìn wa fún Ogbooro. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wa, wọ́n sì wọ inú oko. Ẹ wò ó, mo ti rí ẹni tó ń roko láyé mi, mi ò tíì rí irú ìyẹn. Ṣe ni wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, tí koríko ń wó lulẹ̀ lẹ́yìn wọn, tí bàbá wa sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lábẹ́ igi òrí bí ẹni tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ nínú ìjọ.

Àwa náà kò sinmi. Ọmọ orí odó ń lọ sókè sódò, ọbẹ̀ ń hó, òórùn ẹran ewúrẹ́ gba gbogbo ahéré. Èmi ni wọ́n ní kí n máa lé eṣinṣin. Ẹni tó fún mi ní iṣẹ́ yẹn kò nífẹ̀ẹ́ mi. Ìyá àgbà ti kìlọ̀ pé oúnjẹ ọ̀wẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án kí àwọn tó roko tó tọ́ ọ wò, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ẹ̀gbọ́n mi wẹ̀, ó ró ìró tuntun, òun àti màmá wa sì gbé oúnjẹ lọ sí abẹ́ igi òrí. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n wá jẹun. Bàbá tó ṣáájú wọn gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ ṣeun, àna. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí já ibi tí wọ́n ń ro yìí ná." Wọ́n já a. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Màmá wa tún lọ pè wọ́n, bàbá náà tún dúpẹ́, ó ní kí àwọn ro ó dé ìdí igi tó wà lọ́hùn-ún yẹn ná. Wọ́n dé ìdí igi ọ̀hún. Wọ́n yípadà, wọ́n sì tún kọjú sí ibòmíràn. Kò sí ẹni tó wo apá ibi tí iyán wà. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹ̀gbọ́n mi tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

Ojú màmá wa yí padà. Ó ní ta ló lọ sọ fún wọn pé iṣu Komu ni? Àbí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iná, tí wọ́n rò pé ilé tí kò ní iṣu ni wọ́n fẹ́ ti mú ìyàwó? Ẹ̀gbọ́n mi fi wá sílẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìn ahéré, nígbà tí mo sì lọ wò ó, ó ń fi etí ìró tuntun náà nu ojú. Ó bà mí nínú jẹ́ gan-an. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi ju bisikíìtì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ náà. Bàbá wa ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dúró sábẹ́ igi, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo iyán tó ń tutù lọ.

Ẹ má gbàgbé àwa ọmọdé o. A kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, nítorí oúnjẹ ọ̀wẹ̀ là ń dúró dè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń rọra lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà, tí a ń di etí ìró rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, a ti yí i ká débi pé bó bá gbé ẹsẹ̀, gbogbo wa la jọ ń gbé e. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, kí n fi ojú ara mi lọ wò wọ́n, kí ẹ tó bọ́ mi sí ìhòòhò níwájú àna."

Ó bu omi tútù sínú igbá, ó wọ inú oko lọ, mo sì tẹ̀lé e. Ó gbé omi náà fún ọkọ ìyàwó. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀ gbà á, ó dúpẹ́, ó sì nà án sí ẹnì kejì rẹ̀. Ẹnì kejì dúpẹ́, ó nà án sí ẹnì kẹta. Báyìí ni igbá náà ṣe rin gbogbo ìlà já nínú oòrùn gangan yẹn, tó sì padà bọ̀ sí ọwọ́ ìyá àgbà bó ṣe lọ. Ìyá àgbà súnmọ́ wọn. Ó wo ẹnu wọn, ó gbẹ bí epo igi. Ó wá rí bàbá tó ṣáájú wọn létí odò, tó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun ọ̀sán. Bàbá náà bu omi sẹ́nu, ó fi fọ ẹnu, ó tu gbogbo rẹ̀ dànù, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀ gbẹ bí ẹni tó bẹ̀rù pé kí ẹ̀kán kan má ṣẹ́ kù.

Ìyá àgbà ní, "Ọmọ mi, ṣé oṣù ti lé ni?"

Bàbá náà wolẹ̀. Gbogbo ẹnu tó mú yẹn kò mú mọ́. Ó ní, "Ó lé lálẹ́ àná, ìyá. A rò pé ó ku ọjọ́ kan ni. A ti dá ọjọ́ fún àna, bí a bá sì yẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin á ní ọ̀rọ̀ ọmọ yín la fẹ́ yẹ̀. Bí a bá sì wí fún yín pé ààwẹ̀ la gbà wá, ẹ ẹ̀ ní jẹ́ ká fọwọ́ kan ọkọ́. Mo wá sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè iṣu, tí mo sì gba igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ tí a ti wà lóko, ta ló fẹ́ sọ fún wa pé wọ́n rí oṣù? Nígbà tí a padà dé ahéré, ó ní kí màmá wa gbé ojú sókè, kí ẹ̀gbọ́n mi sì nu ojú nù. Ó ní, "Wọn ò kọ ọmọ wa. Ebi ààwẹ̀ ló ń pa wọ́n. Mi ò tilẹ̀ kà á mọ́ àwọn ebi tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí pé òun nìkan ni ẹni tó ń pa fi ẹnu ara rẹ̀ pè wá." Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n bàbá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi há ẹ̀ka igi, ó mú ọkọ́, ó sì wọ inú ìlà lọ. Àwọn ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà, pé bàbá ìyàwó kì í roko lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀. Ó ní wọn kò lè máa fi ebi ro oko òun kí òun jókòó sábẹ́ igi máa wò wọ́n. Ó wá kọjú sí wa, ó ní kò sí ẹnì kan nínú ilé òun tó máa fi nǹkan kan ẹnu títí àna òun yóò fi jẹun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi rò ó. Màmá wa bi í léèrè pé àwọn ọmọ ńkọ́. Ìyá àgbà bá wa bẹ̀bẹ̀, ó ní kí wọ́n fún àwọn tó kéré ní kókó. Mo gbìyànjú láti kéré, kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní mo ti dàgbà. Màmá wa di iyán sínú ewé, ó to àwọn dídì náà sínú ìkòkò omi gbígbóná kí wọ́n má baà le, ó sì yọ iná kúrò lábẹ́ ọbẹ̀. Wàrà ń wò mí láti inú ọbẹ̀ yẹn, èmi náà ń wò ó.

Mo dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ahéré. Ọkọ ìyàwó wá mú ọkọ́ mìíràn nítorí pé èrúkọ́ tirẹ̀ ti ṣẹ́, ó sì rí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó ní, "Ṣé ó ń pa ọ́?" Mo rántí ìkìlọ̀ bàbá wa. Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Oorun ló ń kùn mí." Ó rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́, ó ní oorun òun náà ti ń kùn nínú òun láti àárọ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ ọ́n lọ́kọ ẹ̀gbọ́n mi tòótọ́.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, bàbá tó ṣáájú gun orí ebè kan, ó pe ìrun. Wọ́n fi omi ṣínu, wọ́n mu kókó gbígbóná díẹ̀, wọ́n kírun. Ẹ̀gbọ́n mi sì tún kúnlẹ̀, ó tún ní kí wọ́n wá jẹun. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò sọ pé kí àwọn já ibì kankan. Bàbá wa jókòó sí àárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó ń bá wọn bu iyán nínú àwo kan náà. Mi ò lè sọ ohun tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn fún yín, nítorí mo ti dàgbà, ojú ń tì mí.

Nígbà tí wọ́n fọ ọwọ́ tán, tí àwọn ọmọkùnrin náà ń yin iyán, bàbá wa ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá wa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Àna mi, iyán tí ẹ ń yìn yìí, iṣu ìyá ìyàwó mi ni, láti Komu. Iná jó gbogbo iṣu mi nígbà ẹ̀rùn. Láti ìgbà náà, a kò gún iyán nílé mi àfi lónìí. Ebi ń pa wá, mo sì fi pamọ́ fún yín."

Bàbá ẹlẹ́nu mímú náà fa fìlà rẹ̀ síwájú, ó tún fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin fi tiyín pamọ́ fún wa, àwa náà fi tiwa pamọ́ fún yín. Ta ló wá gbọ́n nínú wa? Ẹ jẹ́ ká má ṣe é mọ́. Láti òní lọ, bí ebi bá pa yín, ẹ wí fún wa. Tó bá pa àwa náà, a ó wí." Ó na ọwọ́, bàbá wa sì bọ̀ ọ́.

Orin ni wọ́n fi lọ. Lẹ́yìn gbogbo ìbẹ̀rù wa, wọ́n kọrin dé Ogbooro pé àna àwọn roko, àna àwọn gbààwẹ̀, alàgbà ìjọ di Mùsùlùmí láàárín ọ̀sán. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ọkọ̀ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, iṣu ló kún inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ pé nítorí iná ni. Wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni. Nígbà ẹ̀rùn ni ìgbéyàwó wáyé. Ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ, ó kọ́lé, ó dàgbà sí Ogbooro.

Bàbá wa kò fi Ìgbàgbọ́ sílẹ̀ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ kò dé rí kí ó jẹun kí oòrùn tó wọ̀. Àlùfáà ìjọ wa bi í léèrè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, kí ló dé?" Ó dá a lóhùn pé àwọn àna òun wà nínú oko. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi náà kò jẹ́ kí ọjọ́ yẹn bá òun ní Ogbooro. Á wá láti ibẹ̀, á wá bá bàbá wa ṣínu. Nígbà tí bàbá wa kú, ó ń wá bá màmá wa. Nígbà tí màmá wa náà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá èmi.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Oògùn apakoríko ni wọ́n ń fọ́n sóko báyìí, ta ló ń wá ọ̀wẹ̀? Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, kò di dandan kó mọ ọ̀nà oko àna rẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí oṣù, kò sì sí ẹni tí yóò rìn wọ oko ẹlòmíràn láìmọ̀ pé ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ ló dára jù. Ebi pa wá nínú rẹ̀ gidi gan-an. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń ṣí fíríìjì bí ẹni ń ṣí fèrèsé, inú mi sì ń dùn bí mo bá ń wò wọ́n, nítorí mo mọ ohun tí kò pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ fi dákẹ́. Ó ti darúgbó. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, dókítà sì ti ní kó má ṣe gbààwẹ̀ mọ́. Èmi náà, ọgbẹ́ inú kò jẹ́ kí n lè pẹ́ kí n tó jẹun. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kìíní ààwẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e dé. Mo gún iyán, mo gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀. Òun ti jẹun lọ́sàn-án, èmi náà ti jẹun lọ́sàn-án, àwa méjèèjì ló sì mọ̀. A bo oúnjẹ náà, a jókòó, a ń wo oòrùn. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin kan wá bá wa, ó ní, "Màmá, ẹ jẹun kó má tutù. Ta lẹ tún ń dúró dè?"

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àwọn kan ṣì wà lóko." Mo tún ìdérí àwo náà ṣe kó bò dáadáa, a sì dúró dè wọ́n.